Ẹṣin Tó Dá Àwẹ̀ró

Ẹ ti gbọ́ ọ títí etí yín fi kún: bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹ̀ ń pa á fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kùtà, ẹ̀ ń pa á fún ọmọ tó fìdí rẹmi nílé ẹ̀kọ́. Ó dáa. Ẹranko ju èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ ní kó tún lọ jókòó lé e. Ṣé òmíràn ti tán láyé ni? Èmi rò pé òmùgọ̀ ló pa òwe yìí, àfìgbà tí mo gbọ́ ìtàn Àwẹ̀ró ará Ìgbónlá.

Apá òkè ni Ìgbónlá wà, níbi tí ọ̀dàn ti pọ̀ ju igbó lọ. Òjélàbí ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin Baálẹ̀, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n á fa ẹṣin wá, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, á wo ọrùn rẹ̀, á nawọ́, ó parí. Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tí etí rẹ̀ kì í sinmi, tí òjìji lásán lè dẹ́rù bà, ọ̀wọ́ ìránṣẹ́ àti ti ogun nìyẹn. Ara wọn gbóná, eré ni wọ́n mọ̀. Kúkúrú olóríkunkun tí kì í yọ̀ lórí àpáta, ọ̀wọ́ orí òkè nìyẹn. Èyí tó bá ki, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ sanra, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ọ̀wọ́ ẹrù nìyẹn.

Ọ̀wọ́ ẹrù ni kò dáa. Àwọn oníṣòwò ló ń kó wọn lọ sí ìhà igbó, eṣinṣin ibẹ̀ á sì máa jẹ wọ́n títí wọ́n á fi rù, tí wọ́n á fi kú. Kò sí ọ̀kan tó padà wá rí.

Ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ni bàbá Àwẹ̀ró. Nígbà tó kú, ẹṣin kan ló fi sílẹ̀, èyí tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ dàgbà. Àgbìgbò ni wọ́n ń pè é nítorí orí ńlá tó ní. Ti Baálẹ̀ ni gbogbo ẹṣin ìlú, wọ́n sì fa òun náà wá. Òjélàbí wò ó lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹrù,” ó ní.

“Bàbá, ẹ ò tíì rí bó ṣe ń sáré.”

“Mo rí ọrùn ẹ̀.”

“Ọrùn kọ́ ló ń sáré, bàbá.”

Àwẹ̀ró gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀la làwọn oníṣòwò ń bọ̀. Gùn ún dé odò, kó o gùn ún padà lójú gbogbo wa, ó di ẹṣin ìránṣẹ́. Bí kò bá gbà, yóò bá wọn lọ.”

Ilẹ̀ mọ́, ìlú jáde. Wọ́n mú gàárì kan nínú ti ọ̀wọ́ ìránṣẹ́, wọ́n dì í mọ́ Àgbìgbò. Àwẹ̀ró gùn ún. Wọn ò tíì kọjá ìdí igi igbá tí ẹṣin náà fi gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó sì dá a gbàà. Ẹ̀rín sọ.

Òjélàbí ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ kan tó rẹwà wá síwájú rẹ̀. “Ọmọ mi, gun èyí lọ sílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé o mọ ẹṣin gùn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹ̀sín.”

Ìtìjú mú Àwẹ̀ró, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹṣin náà sì wù ú. “Ẹ ṣeun, bàbá,” ó ní. “Tí mo bá gun èyí, ta ni yóò gun ìyẹn?” Ó padà sídìí Àgbìgbò.

Àgbìgbò tún dá a. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ké sí i láàárín èrò. “Àwẹ̀ró, ó tó.”

“Kò tíì tó, ìyá mi.” Kò lè nàró dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó di gọ̀gọ̀ ẹṣin náà mú, ó ń wá bí yóò ṣe gùn ún.

Òjélàbí ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹṣin dá. Wọ́n á bọ́ sórí òmíràn, wọ́n á lọ sílé, ẹ̀bi á kù sọ́rùn ẹranko, wọ́n á sì tì í sí ọ̀wọ́ ẹrù. Èyí ni àkọ́kọ́ tí kò lọ, òun náà ò sì ríbi gbójú sí mọ́.

“Dúró ná.” Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ gàárì. Àgbìgbò gbọ̀n rìrì. Ó tú gàárì sílẹ̀: awọ ẹ̀yìn ẹṣin náà ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yìn tín-ín-rín làwọn gàárì ìránṣẹ́ wà fún, ẹ̀yìn Àgbìgbò sì fẹ̀ bí ẹní.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “kì í ṣe ìwọ ló ń jù nù. Gàárì yìí ni.”

Àwẹ̀ró gùn ún ní ẹ̀yìn lásán, láìsí gàárì. Wọ́n dé odò, wọ́n padà. Kò yára tó àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, n ò ní í parọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe sáré lọ náà ló ṣe sáré bọ̀, mímí rẹ̀ ò yí padà. Àwọn oníṣòwò lọ láìsí i.

Òjélàbí wá gba ìdí ọ̀wọ́ ẹrù lọ, ó dúró ń wo àwọn ìso tó ṣófo. Ó rántí àwọn ẹṣin tó dá èèyàn lẹ́ẹ̀kan péré, tí òun sì nawọ́ sí ọ̀nà igbó fún. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ jọ.

“Láti òní lọ,” ó ní, “kí ẹnikẹ́ni má fa òmíràn wá fún ẹni tó ṣubú. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹni tó bá gun òmíràn lọ sílé kò ní í mọ ohun tó dá a.”

Òwe náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pa á fún ọmọ tó ṣubú, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ wo abẹ́ gàárì tí ẹ dì fún un.