Igbó Mẹ́ta Ń Dánrawò Ogun

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi ré kọjá odò, ó balẹ̀ sí igbó mẹ́ta tí Ẹkùn ń dà láàmú. Ẹfọ̀n, Ìmàdò àti Ìgalà, olórí igbó wọ̀nyí, pinnu láti máa dánrawò ogun pọ̀. Ọ̀bọ fi ẹfun àti èédú kun ara, ó ń ṣe bí Ẹkùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí i ká, wọ́n ń kọrin:

Ẹ fara mọ́ra!
Ẹ má sá o! (Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é!)

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹkùn gan-an ló bú jáde. Wọ́n ṣe bí Ọ̀bọ ni. Wọ́n kọrin, wọ́n fi ìwo lé e wọ odò.

Ìmàdò ní, "Ọ̀bọ mà mọ̀ ọ́n ṣe lónìí o!"

Ni Ọ̀bọ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, oorun ló gbé mi lọ."

Ìgalà rọra jókòó. Ìgbà náà ni orúnkún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.