Ohun Tó Ń Mí Lábẹ́ Iyanrìn

Wọ́n da epo rọ̀bì láti inú ọkọ̀ sí etíkun wa. Wọ́n bu iyanrìn bò ó, wọ́n ní ó ti tán. Títí di òní, bí mo bá lọ sá ẹja, dúdú ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń dé ilé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó fẹsẹ̀ tẹ epo, ó yọ̀, ó ṣubú lu Alákàn.

Ní ìgbà kan rí, Alákàn ń gbé etí òkun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méje. Lọ́jọ́ kan, ikùn ọkọ̀ ńlá kan là lójú omi. Epo dúdú tú jáde, ó bo etíkun.

— Yéè!

Ọlọ́kọ̀ sáré dé. Ẹ̀rù ọba ń bà á. Ó ní, "Ẹ bu iyanrìn bò ó kíá, kí ọba tó dé!"

Alákàn figbe ta. "Ẹ má bò ó! Ìsàlẹ̀ yẹn nilé mi!"

Àwọn ará ìlú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, òun ló fẹ́ júwe ọ̀nà!"

Wọ́n bò ó. Etíkun funfun báláú. Ọba wò ó, ó yìn wọ́n, ó lọ. Ọlọ́kọ̀ náà bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún kan. Ọdún kejì. Lọ́dún kẹta, àkọ́bí Alákàn gbẹ́ ihò, ó wọlé. Kò jáde.

— Kí ló ṣe é, Ìyá?

Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Alákàn dojú bo ẹnu ihò. "Ọmọ mi o!" Nǹkan mìíràn ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ń fà bí ọ̀dà:

"Mo sùn ni, n kò kú.
Ẹni tó bò mí ló ṣe mí lóore.
Òjò ò rí mi, oòrùn ò rí mi.
Mo sùn ni, n kò kú."

— Ìyá, ẹ̀rù ń bà wá!

Ó ń ba èmi náà. Ọmọ kejì ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká sá." Alákàn ní, "Ká sá lọ síbo? Ẹ gbẹ́!"

Wọ́n gbẹ́. Gbogbo alákàn etíkun bá wọn gbẹ́, ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ìgbì wọlé, ó fọ̀, ó padà, ó tún fọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń lá epo náà díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà ń rẹlẹ̀. Ó tó ọdún méje kí ẹyẹ tó tún bà síbẹ̀.

Àkọ́bí ò padà. Ibi tí àwọn ará ìlú sì kó iyanrìn lé jù, kò sí alákàn tó lè gbẹ́ ẹ kanlẹ̀. Epo náà ṣì ń mí níbẹ̀.

— Níbo ni, Ìyá?

Ẹ̀yìn ahéré tí mo ti ń yan ẹja.

— Háà!

Ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kò tíì tán. Egbò tí a ò wẹ̀, aṣọ kì í wò ó sàn.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́, ẹ gbẹ́ iyanrìn wò.

Ìwọ ọlọ́kọ̀, ìwọ tó ní ká bò ó: ìgbà wo lo máa wá gbẹ́ ẹ? Mo ti pè ọ́. Dá mi lóhùn!