Erin Tí Mo Fi Irọ́ Rí Nígbà Méje

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tí yóò wúkọ́ wúkọ́ tán, nítorí lónìí, ara mi ni mo fẹ́ fi sùn. Èmi Ọdẹ́níyì tí ẹ ń wò yìí, ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fòfin de ìbọn nínú Igbó Ìdákẹ́jẹ́, tí wọ́n ní kí àwọn àlejò máa wá wo ẹranko dípò kí á máa pa wọ́n, mo gbé ìbọn kọ́, mo sì lọ tọrọ iṣẹ́ afinimọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí erin rí?" Ẹ̀yin náà mọ ẹnu ọdẹ. Mo ní, "Erin kẹ̀? Ìgbà méje!" Bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ìrù rẹ̀ rí láyé mi.

Àlejò mi àkọ́kọ́ ni Tíṣà Adépéjù, ìyá àgbà kan láti Ìsẹ́yìn, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Oníṣègùn ti sọ fún un pé kí ọdún tó yípo, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò fọ́, erin sì ni ohun tó fẹ́ fi ojú náà rí kẹ́yìn. Ó ní, "Ọkàn mi balẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń mú mi lọ. Ẹni tó ti rí i nígbà méje kò ní ṣì mí lọ́nà." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣíwájú.

Oòrùn òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú láàárín ewé nígbà tí a bá iwin kan tó jókòó dí ọ̀nà pátápátá. Kò ga ju ebè iṣu lọ, àyà rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, ó sì ń fi ìka mẹ́rìndínlógún họ orúnkún. Ó ní, "Èmi ni Abéèrè-má-gbàgbé, oníbodè igbó yìí. Ìwọ ọdẹ, ẹ̀ẹ̀melòó ni o ti rí erin?"

Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Ìgbà méje!"

Kí n tó pa ẹnu dé, ilẹ̀ ti gbé mi mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ ti gbé Tíṣà náà mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Iwin náà ní, "Ibi tí afinimọ̀nà bá rì sí ni àlejò ń rì sí. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, agídí ò dáa! Mo ní kí n dín in kù díẹ̀, mo ní, "Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni." Ilẹ̀ gbé wa mì dé ìbàdí.

Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ki ara mi láyà, àfi ìgbà tí mo rí Tíṣà tó gbé awò ojú rẹ̀ sókè kí erùpẹ̀ má baà bà á jẹ́. Kò sunkún. Ó ṣì ń retí erin. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀sín tèmi ni mo fẹ́ fi ikú obìnrin yìí bò. Ojú tì mí gidigidi, mo sì ké pé, "N kò rí i rí! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, n kò rí erin rí! Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí!"

Tíṣà yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ ò ṣeun rárá. Ẹ̀ bá sọ ọ́ láti ilé, ǹ bá ṣì tẹ̀ lé yín. Ṣé èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ya erin sójú pátákó, mo rí i rí ni?"

Ilẹ̀ bá jọ̀wọ́ wa. Iwin náà yẹra lọ́nà, ó nawọ́ sí etí odò. Ìtura tó bá mi dà bíi ti ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti rù ú láti oko ẹgàn tó jìnnà.

Ní etí odò, igi kan ṣípò padà, a wá rí i pé kì í ṣe igi, ẹsẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Òun nìyí, ó fi ẹrẹ̀ para, ó rọra ń fẹ́ etí, ọmọ rẹ̀ dúró sábẹ́ ikùn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́jà kékeré, imú gígùn rẹ̀, fa omi, omi náà sì ń dànù. Gbogbo oríkì erin tí mo fi ń dárà láwùjọ ọdẹ fò lọ lórí mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé irun ìpéǹpéjú erin gùn tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo rí i. Mo rí i kedere." Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tó bá ń ṣíwájú ẹlòmíràn tètè sọ ibi tí òun kò dé rí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni yóò rì.

Mo délé lọ́sàn-án, mo sì jẹ́wọ́ fún Àṣàbí ìyàwó mi, ìyá Ọdẹ́wùmí ọmọ wa, kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó kàn ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra, gbogbo ìgbà tí mo bá ń pa ìtàn erin fún àwọn tó wá kí wa nílé, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Lọ́jọ́ náà, ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Ọdẹ́wùmí, báwo ni erin ṣe rí?"