Obì Májẹ̀mú Tí Onítódò Nìkan Jẹ

Ìkùukùu-bo-odò-a-kò-rí-èbúté, awo etí omi, ló yẹ Ifá wò fún Adésọjí, Onítódò, ní ọjọ́ tó ń lọ bá ọba òkè odò dá májẹ̀mú.

Àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀nà jíjìn ló ń yọ ìlú Ìtódò lẹ́nu. Wọ́n ń kó èèyàn lóko, wọ́n ń dáná sun abà. Olórókè, ọba Òrókè ní òkè odò, wá ránṣẹ́ pé òun yóò fi àwọn ọdẹ òun ṣọ́ ọ̀nà fún wọn, bí wọ́n bá gbà kí òun fi òkúta dí odò fún oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún, kí omi lè wọ oko òun. Ọkàn Onítódò kò balẹ̀. Ó ní ǹjẹ́ ìrìn àjò yìí yóò yẹ òun báyìí?

Ifá ní yóò yẹ ẹ́. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé funfun kan, obì mẹ́fà àti igbá omi tútù. Awo fi kún un pé, "Kábíyèsí, obì tí ẹ ó gbà lọ́hùn-ún, ẹ gbé e délé o. Ẹ má fẹnu kàn án lójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì. Ní gbogbo etí odò náà, bí ọba méjì bá fẹ́ dá májẹ̀mú, wọn a pa obì kan sí méjì. Oníkálukú a fi ewé di tirẹ̀ lọ sílé. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn a bi ọba ní ohun tí kò bá yé wọn, wọn a sì gé obì náà jẹ níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, májẹ̀mú dè nìyẹn. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, wọn a dá a padà fún ẹni tó ni ín, kò sì ní dìjà.

Ṣùgbọ́n Onítódò ní nǹkan nínú. Ọdún keje rèé tí àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ní kí ó dá obì kan padà sí ìlú Ìlàdè. Ọjọ́ tó gbé e dé ibẹ̀, ọba Ìlàdè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣé o ṣì ń tọrọ ààyè nílé kí o tó jáde." Láràárọ̀ ni Onítódò ń rántí ẹ̀rín yẹn. Ó rántí iye eyín tó hàn níbẹ̀.

Ó rú ẹyẹlé. Ó rú obì. Ó rú omi. Nígbà tó ku ìmọ̀ràn, ó ní, "Ẹbọ ni mo rú. N kò fi ẹnu mi rúbọ."

Ìkùukùu bo odò ní àárọ̀ ọjọ́ tó lọ. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni pé kò kan omi. Àwọn igi etí odò ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ọba, wọ́n sì ń padà wọnú funfun. Olórókè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n pa obì sí méjì. Olórókè fi ewé di tirẹ̀. Onítódò náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti yí imú sílé, ó tú ewé, ó sì jẹ obì náà tán. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ju ewé sómi, ewé náà sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ títí dé èbúté.

Ó pe ìgbìmọ̀. Ó ní, "Mo ti bá Olórókè dá a. Ó ti dè."

Yèyé Àwẹ̀ró, olórí àwọn obìnrin tó ń dẹ ìgèrè fún ẹja, ló jẹ́ àgbà nínú àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó na ọwọ́. "Kábíyèsí, obì wa dà?"

"Ó wà níkùn mi."

"Ṣé ká wá máa tẹ́tí sí ikùn yín ni, kó lè rò fún wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọba kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni màmá náà wí. "Oṣù mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn yóò fi dí odò, oṣù mẹ́ta wo ni?"

Ọba kò bèèrè. Kò dẹ ìgèrè rí láyé rẹ̀.

"Bó bá bọ́ sí ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà yẹn ni ẹja ń gòkè lọ yé ẹyin. Bí wọn kò bá rọ́nà kọjá lọ́dún kan, a ó jẹ èyí tó kù. Lọ́dún kejì, a ó jẹ kí ni?"

"Mo ní ó ti dè," ni ọba wí, ó sì dìde.

Láti ọjọ́ náà, adùn obì yẹn di kíkorò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi omi yọ ẹnu, kò lọ. Ó jẹ oyin, obì ló ń tọ́ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sùn lọ lórí àga, ó sì rí odò tó dìde dúró bí obìnrin. Ó ró aṣọ, ó gbé agbada ẹja rù, ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún.

Ọba ní, "Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ó ní, "Wọ́n ní o ti gbà pé kí n máa lọ."

Nígbà tó jí, ó rìn lọ sí èbúté. Lókè odò, àwọn ọ̀dọ́ Òrókè ti ń kó òkúta sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò dí odò. Òkúta kò tíì wọ omi, ṣùgbọ́n omi ti fà kúrò ní ẹsẹ̀ àkàbà èbúté. Àwọn ìgèrè so rọ̀ lórí igi, wọ́n gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fọn nínú wọn.

Ó ránṣẹ́ pe awo. Awo ní, "Ẹbọ tí ẹ rú ti dà, Kábíyèsí. Ìmọ̀ràn tí ẹ fi sílẹ̀ ló dúró sí yín lẹ́nu."

Ọba jókòó lórí ẹní láàárín àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní, "Ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan ni mo nìkan jẹ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Yèyé Àwẹ̀ró sún ẹní fún un kí ó lè jókòó dáadáa. Wọ́n rò ó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n ní kí àwọn ọdẹ Olórókè ṣọ́ ọ̀nà. Wọ́n ní kí Olórókè gba omi ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ọyẹ́, kí ó sì fi àlàfo tí ìgèrè kan lè gbà sílẹ̀ láàárín òkúta.

Ọba tún gòkè odò lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé yóò tún rí eyín. Ṣùgbọ́n Olórókè mú ewé kan jáde. Obì tirẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti rọ, ẹnikẹ́ni kò gé e.

"Mo ti ń kó òkúta sílẹ̀, àmọ́ àwọn ìgbìmọ̀ mi ni kò jẹ ẹ́," ni Olórókè wí. "Wọ́n gbọ́ pé o dá jẹ tìrẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, eyín àwọn ará Ìtódò dà? Wọ́n ní ọba tó bá dá nìkan jẹ ẹ́ lè dá nìkan bì í."

Onítódò wo obì náà títí. Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á.

Wọ́n pa obì tuntun. Onítódò bu omi odò sẹ́nu kí ó tó wọ ọkọ̀, kò gbé e mì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi délé. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ obì. Yèyé Àwẹ̀ró ló gé e kẹ́yìn. Nígbà náà ni ọba gbé omi mì, ìkorò náà sì bá a lọ.

Àwọn ẹlẹ́ṣin dé, wọ́n bá ọdẹ lọ́nà, wọ́n yí padà. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹja gba àlàfo òkúta kọjá, wọ́n ń dán bí ìgbà tí oòrùn bá fọ́ sínú omi. Onítódò ń yin awo, awo ń yin Ifá. Ọba ní òun rú ẹbọ, òun kò tíì rí ire; ọjọ́ tí òun gba ìmọ̀ràn ni ire wọlé tọ òun wá. Ìdí nìyí tí ọba ìlú náà fi ń bu omi sẹ́nu bọ̀ láti ibi májẹ̀mú títí dòní.

Ṣùgbọ́n Onítódò Adésọjí kò dárí ẹ̀rín yẹn ji ọba Ìlàdè.