Agbè Ọ̀yadòtun

Ní ìlú kan ní apá òkè ọ̀hún, níbi tí ẹ̀rùn ti máa ń mú ju ti ibòmíràn lọ, opó kan wà tí ń jẹ́ Ọ̀yadòtun. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Òjèdòkun ni orúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ni Òjèdòkun fẹ́ níyàwó, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, Àwẹ̀ró kò gboyún. Ọ̀yadòtun kì í bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ o. Ó kàn máa ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jó lójú rẹ̀ ni, ìyẹn a sì máa dunni ju èébú lọ.

Nígbà tí oyún wá dé, inú Ọ̀yadòtun dùn dé góńgó. Ó lọ gbé agbè ìdílé sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Àṣà wọn ni pé ìyá ọkọ ni í fi orí ara rẹ̀ ru omi tí a ó fi wẹ ọmọ tuntun. Bí ọmọ náà bá kú kí omi tó kàn án lára, a ó da omi náà nù lẹ́yìnkùlé, a ó sì fọ́ agbè mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ikú má baà tún padà wá mu nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú lọ́dún náà. Odò gbẹ, kànga gbẹ, ó ku ìsun kan ṣoṣo lẹ́yìn àpáta, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ní òwúrọ̀ tí Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, Ọ̀yadòtun gbé agbè, ó di ìsun. Ó jókòó tì í títí omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ fi kún agbè. Bí ó ti ń bọ̀ nínú oòrùn ni ó ń ro orúkọ tí òun yóò sọ ọmọ náà.

Òjèdòkun ni ó kọ́kọ́ rí, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, tó káwọ́ lérí. Ìyá Adépèlé, agbẹ̀bí, jáde wá pàdé rẹ̀.

"Ìyá Òjèdòkun, ẹ sọ ẹrù yín ná."

"Akọ ni àbí abo?"

"Ẹ sọ ẹrù, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni, Ìyá. Kò ké rárá."

Ọ̀yadòtun yí padà, agbè ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da gbogbo omi náà nù. Kí ó tó ṣẹ́jú, ilẹ̀ ti fà á mu. Ó gbé agbè sókè kí ó là á mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ó gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, ohùn tí kò lágbára.

"Ìyá, òǹgbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi."

Ìyá Adépèlé sáré jáde. "Ẹ̀jẹ̀ ti lọ lára rẹ̀ púpọ̀! Ẹ bu omi wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà ń lọ nìyẹn!" Ó wo ilẹ̀ tó tutù, ó sì wo ojú Ọ̀yadòtun.

Ìtìjú bo Ọ̀yadòtun mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti wọ ilé náà, ọmọ tí yóò bí nìkan ni ó ń wò lára rẹ̀. Kò rántí pé ọmọ ni Àwẹ̀ró náà, ọmọ tí àwọn kan tọ́ dàgbà kí wọ́n tó fà á lé òun lọ́wọ́. Òun sì ti da omi tí Àwẹ̀ró ì bá mu nù nítorí ẹni tí kò lè mu mọ́.

Bàbá Àkàngbé, baálé agbo ilé, ti dé ẹ̀yìnkùlé. "Ọ̀yadòtun, fọ́ agbè yẹn! Ṣé o fẹ́ kí ikú tún padà wá ni?"

"Ikú ò tíì lọ, Bàbá," ni Ọ̀yadòtun wí. "Ó wà nínú yàrá lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ẹ yà fún mi."

Ó gbé agbè náà, ó tún kọrí sí ọ̀nà ìsun. Àwọn ará ilé tú ìsàlẹ̀ ìkòkò wọn, wọ́n rí ìwọ̀nba omi tí wọ́n ń ta sí Àwẹ̀ró lẹ́nu títí Ọ̀yadòtun fi padà dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni Àwẹ̀ró wí. "Mi ò rí ọmọ bí fún yín."

"Mu, ọmọ mi. Mu."

Àwẹ̀ró mu, ó mu, ó sì sùn. Òjèdòkun wọlé láti ibi tó ti lọ sin òkú ọmọ, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá," ló wí, "kí ló wá kù fún wa báyìí?"

"Wo agbè yìí," ni ìyá rẹ̀ wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó dùn mí wọnú egungun. Ṣùgbọ́n òun náà ni mo tún fi pọn èyí tí ìyàwó rẹ mu tí kò fi kú."

Bóyá Àwẹ̀ró tún bímọ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó sọ ìtàn fún wa kò sọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé wọn kò fọ́ agbè náà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá lọ kí ilé tí ọmọ ti kú tí ìyá sì yè, ti ń pa á lówe pé: omi ló dànù, agbè kò fọ́.