Ọ̀jọ̀gbọ́n Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kéré níye, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín wọn. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ̀wé, ó ń kọ́ni dáadáa, kì í sì í pẹ́ dé kíláàsì. Bí mo bá pè é ní èèyàn burúkú, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Àléébù kan ló ní, ìwà rere ni ó sì ka àléébù náà sí.

Nǹkan kan wà tó ń fẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Ó ń fẹ́ di Igbákejì Ọ̀gá Àgbà yunifásítì náà. Bàbá rẹ̀, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sì yé sọ fún un pé kí òun tó kú, òun fẹ́ rí i láàárín àwọn tó máa ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ṣáájú lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn ọ̀jọ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ lórí oúnjẹ.

O mọ bí nǹkan ṣe rí nídìí iṣẹ́ wa. Ìkéde kò ní ṣe kó má wá lọ́dọọdún: àpérò ní Àbújá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwádìí ní Akkra, ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń darí èèyàn níbí àti lọ́hùn-ún. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á fa ẹnì kan kalẹ̀. Ẹni tó bá lọ á pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibòmíràn, á rí ẹni tí wọ́n á jọ ṣe ìwádìí, iṣẹ́ rẹ̀ á sì jáde síbi tí aráyé ti lè kà á. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ìgbéga máa ń gbà wá. Olùkọ́ tí kò bá rí irú ààyè bẹ́ẹ̀ lè mọ̀wé títí, ojú kan náà ni yóò wà.

Ní ẹ̀ka tí à ń wí yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń lọ nígbà gbogbo. Bí ìkéde bá dé, yóò fi í pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n ń gba orúkọ yóò fi kọjá. Ìgbà náà ni yóò wá kà á sí wọn létí nínú ìpàdé. Yóò ní, "Ẹ wò ó bí ààyè ṣe máa ń fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù, ni mo bá sáré forúkọ ara mi sílẹ̀." Àwọn olùkọ́ á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni iṣu tó tún ni ọ̀bẹ, kí ni wọ́n fẹ́ bá a fà?

Gbogbo ibi tó bá lọ ni wọ́n ti ń fún un ní báàgì tí wọ́n kọ orúkọ àpérò sí lára. Ó ń fi wọ́n kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ògiri kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù lọ sílé. Èyí tí wọ́n kọ "Aṣáájú Rere" sí lára, ẹ̀gúsí ni ìyàwó rẹ̀ ń kó sínú rẹ̀.

Obìnrin kan wà lára àwọn olùkọ́ náà. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá tọ̀ bí ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò wọn bá dojú rú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà wọlé tọ̀ ọ́, ó yíkàá díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gba orúkọ fún ẹ̀kọ́ ìdarí tí wọ́n fẹ́ ṣe yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá lè fi orúkọ tèmi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, inú mi á dùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ojú ń kán ọ jù. O ò tíì gbó. Ìwọ ni mo sì gbójú lé níbí. Tí o bá lọ, ta ni yóò máa bójú tó àwọn ọmọ?"

"Ohun tí ẹ sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn, sà."

"Tí o ò bá tíì gbó lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún un sọ."

Ó fi ṣe àwàdà ni. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Kí ọdún tó yí, ó ti gba iṣẹ́ sí yunifásítì mìíràn. Àwọn bíi mélòó kan tẹ̀lé e.

Inú bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó délé, ó ní aláìmoore ni gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè.

"Oore wo lẹ ṣe fún wọn tí wọn ò mọ̀?"

Ọkùnrin náà rò ó títí. Ó ní òun jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Bí ó ṣe wá rí nìyí: nígbàkígbà tí sáà rẹ̀ bá parí, àwọn aláṣẹ á tún dá a padà sórí àga, nítorí kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn tí wọ́n lè fi síbẹ̀. Kò mọ̀ pé àìsí ẹlòmíràn ló ń gbé òun dúró. Ó rò pé ìmọ̀ òun ni, ó sì máa ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ kan, ipò Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ṣófo. Wọ́n pe ọ̀jọ̀gbọ́n wá síwájú ìgbìmọ̀. Ó wọ agbádá tó ń fi pamọ́ de ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, wọ́n sì yìn ín, nítorí kò sẹ́ni tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tirẹ̀ láàárín àwọn tó wá. Bàbá rẹ̀ ń dúró de ìròyìn nílé. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bi í léèrè.

"Tí a bá mú yín wá síbí, ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ni yóò gba ẹ̀ka yín?"

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó rò pé ibi tí òun yóò ti fi iyì ara òun hàn nìyí.

"Kí n má parọ́ fún yín, mà, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Tí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹ̀ka yẹn ò ní lè dúró dọ̀la."

Ó fara ti àga, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Ẹ ti lọ kọ́ nípa ìdarí léraléra," ni alága wí. "Ta lẹ kọ́ ní díẹ̀ nínú rẹ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu, kò rí orúkọ pè. Obìnrin tó wá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí ló wá sí i lọ́kàn. "Ẹnì kan wà," ló sọ níkẹyìn. "Ó ti lọ."

"Iṣẹ́ tí ẹ wá gbà níbí, iṣẹ́ ká máa sọ àwọn olùkọ́ di àgbà ni," ni alága wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ilé tó jẹ́ pé òpó kan péré ló gbé e ró, a ò ní yọ òpó ibẹ̀ wá kọ́ tiwa. Ẹ padà síbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ti sọ fún wa pé wọn ò lè ṣe é láìsí yín."

Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Ìwé ẹ̀rí onítọ̀hún kò tó ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, ńṣe ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú, nítorí àwọn tó lè ṣe é ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ròyìn fún bàbá rẹ̀.

"Àwọn tíṣà tó ti ọ̀dọ̀ mi lọ di ọ̀gá," ni bàbá wí, "wọ́n ṣì máa ń wá kí mi ní gbogbo Kérésì. Ta ló máa ń wá kí ìwọ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, àgbà ọkùnrin.

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ìdánwò bá parí ní ẹ̀ka náà, wàá rí i tó ń rìn lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó lọ ti di tirẹ̀, òun ló ń máàkì gbogbo rẹ̀. Inú àwọn báàgì àpérò ló ń kó ìwé ìdánwò sí, ọ̀kan ní èjìká ọ̀tún, ọ̀kan ní tòsì.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka ni, mo sì bá ọ yọ̀ dénú. O sọ fún mi pé ìkéde ẹ̀kọ́ kan ti dé ọwọ́ rẹ, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ, torí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ò tíì gbó. Ìwọ náà ò gbó nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán ọ. Lílọ tí o lọ lo fi gbó. Kà á sí wọn létí lọ́la, nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí o sì rán ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n á bi ìwọ náà pé ta ni yóò gba ẹ̀ka rẹ. Wá orúkọ tí wàá dá lọ́jọ́ náà láti ìsinsìnyí.