Àwa Ogójì Tí A Ò Rí Ìbò Dì

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Èmi tí ẹgbẹ́ yàn láti lọ ṣojú wọn níbi ìdìbò abẹ́lé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú ẹni tó máa du ipò ààrẹ, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Àbújá, mo sì dúró sẹ́nu géètì títí wọ́n fi dìbò tán. Mi ò dì í! Àwa ogójì ni. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ jẹ́ n mú un látorí ìdààmú ẹni tó kó wa lọ.

Ìdààmú bá Olóyè Gbàdébọ̀ Aríyìbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti du àsíá ẹgbẹ́ tí kò rí i gbà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé àwọn tó ń bá a jẹun ló dìbò fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ orí ti dé. Ó mọ̀ pé bí èyí bá tún bọ́, ó parí nìyẹn. Ìyáàfin Mosún Àjànàkú ló ń bá a dù ú. Àwọn tó ń ka iye aṣojú ní Mosún ní 317, Olóyè ní 303. Ìyàtọ̀ ọ̀hún ò pọ̀, ṣùgbọ́n oorun ò kun Olóyè mọ́. Ló bá kó àwa ogójì tí a wá láti ìpínlẹ̀ rẹ̀ sínú òtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo, ó fi àgádágodo ti géètì, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn ara rẹ̀ lábẹ́ agbádá.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja Rábì, àgbà inú wa, gba ìpè kan nínú balùwẹ̀. Bó ṣe ń jáde ni Olóyè dúró sí i níwájú.

"Alhaja, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ mi ni, Olóyè. Ó ń bi mí níbi tí mo kó ẹ̀gúsí sí."

"Ẹ̀gúsí! Ẹ̀gúsí tiyín, àbí ti Mosún?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alhaja ò rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo wá sọ fún Olóyè pé kó jẹ́ ká lọ sí Ìrágbìjí, lọ́dọ̀ Ìyá Ọmítóyìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀rọ̀ fún èèyàn. Ó gbà. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, méje ṣíjú. Ó ní odù Òdí ni. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀:

"Ọwọ́ dídì kì í gba ọ̀pọ̀,
Ìkúùkù kì í bomi mu,
A dá a fún Afurasí-Ará,
Tó ń lọ gba oyè láàárín èrò.
Wọ́n ní kó tú ohun tó dì,
Kó lè rí ohun tó ń wá."

Ó wá kọjú sí Olóyè. "Ire ń bẹ, ọmọ mi. Ẹyẹlé méjì, epo pupa, àti àgádágodo tí o fi ti géètì, tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sódò. Kí àwọn tí o tì mọ́lé sì lọ sùn sílé wọn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá, òun ni tìrẹ."

 Ojú Olóyè ti lọ sára abọ́ oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Àwòrán Mosún ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pín kiri níbi ìpolongo.

"Màmá, ta ló fún yín ní abọ́ yẹn?"

"Ẹni tó ni àwòrán ni. Ó wá síbí lánàá."

Yéè! Olóyè fò dìde. "Mo mọ̀! Òun ló ní kí ẹ sọ fún mi pé kí n tú àwọn èèyàn mi sílẹ̀!"

"Ẹbọ tiẹ̀ náà ò yàtọ̀," ni Ìyá wí. "Wọ́n ní kó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ òun, kó máa lọ. Ó ní òun á rú u."

"Ẹyẹlé, mo gbà. Epo, mo gbà. Àgádágodo, rárá o, Màmá. Ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọmọdé?"

"Olóyè, ẹyẹlé kọ́ lo dì mọ́wọ́."

A kúrò níbẹ̀. Nínú mọ́tò, Olóyè wò mí títí. "Dòkun, mọ̀lẹ́bí rẹ ni ìyá yẹn, àbí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, sà." Ó ní, "Mo gbọ́." Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin kan ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Mosún rú ẹbọ tirẹ̀ lóòótọ́. Ó pe àwọn aṣojú rẹ̀ jọ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ kó máa lọ, òun ò ní bínú. Àwọn mẹ́sàn-án dìde, wọ́n sì bọ́ sọ́dọ̀ tiwa! Ó di Olóyè 312, Mosún 308. Fóònù ò sinmi mọ́. Wọ́n ní atẹ́gùn ti yí, wọ́n ní ọjà Aríyìbí ń tà wàràwàrà. Olóyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wo ẹbọ tó sọ èèyàn di ẹni ẹ̀yìn! Dòkun, bá mi kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ!" Kí n má purọ́, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyá àgbà yẹn.

Bí a ṣe dé Àbújá, ẹgbẹ́ pín káàdì tí a máa fi kọ́rùn, torí ẹni tí kò bá ní káàdì kò lè wọ gbọ̀ngàn. Olóyè gba gbogbo káàdì wa. Ó ní òun fúnra òun ló máa fún wa lẹ́nu géètì, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ lọ bá Mosún láàárọ̀. Ó kó wọn sínú àpótí irin, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó sì tún so kọ́kọ́rọ́ ìyẹn mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwa ogójì tò sẹ́nu géètì. Mọ́tò Olóyè dé, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó dúró, wọ́n ní àwọn olùdíje ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níta. Súnkànmí àbúrò rẹ̀ sáré lọ síbi fèrèsé mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́! Màá gbé àpótí náà jáde!"

Olóyè wo ọwọ́ tí àbúrò rẹ̀ nà sí i. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí o jókòó ti ọkọ Mosún níbi ìgbéyàwó yẹn?" Ó yí gíláàsì sókè, mọ́tò sì wọlé.

Oòrùn mú. Orí fóònù mi ni gbogbo wa ti ń wo inú gbọ̀ngàn. A rí Olóyè tó dìde, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jáde lọ bá àwọn èèyàn òun. Alága dá a lóhùn pé, "Ẹ lè jáde, Olóyè. Àmọ́ ẹ ò ní wọlé mọ́ títí a ó fi ka ìbò tán."

Olóyè wo àpótí ìbò. Ó wo ilẹ̀kùn. "Kí n jáde, kí ẹ wá ráyè fi ìbò èrú kún un?" Ó padà jókòó.

Ìgbà náà ni Mosún dìde. "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ mi obìnrin ní kọ́kọ́rọ́. Á kó káàdì lọ fún wọn. Mi ò fẹ́ jẹ oyè ẹnu géètì."

"Ìwọ gan-an?" ni Olóyè kígbe. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Súnkànmí, tí à ń jọ wò ó, fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti pa ara wọn."

Wọ́n pe ìpínlẹ̀ wa. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n kà á tán: Mosún 308, Aríyìbí 272. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u, òun ni àsíá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹni tó pe ẹbọ ní ọgbọ́n ọ̀tá ti fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Olóyè jáde wá bá wa. Ó ṣí àpótí náà fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lórúkọ, ó ń fún wa ní káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbójú sókè. Ó pe Alhaja Rábì. Alhaja gba tirẹ̀, ó fi kọ́rùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ Olóyè kọjá, ó sì wọ gbọ̀ngàn lọ kí Mosún kú oríire.